Igbà Tí Kò Rí Ọ̀pẹ Nínú Ihò Agbóhùn

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ̀yin ọdẹ ẹgbẹ́ mi. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fẹ́ kú níbi tó ká a sí, kó tètè nà án kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, lẹ́bàá agbè ẹmu, ṣé ẹ ń gbọ́ mi ketekete? Ẹ ṣeun. Láṣùpọ̀, gbé ife yẹn sílẹ̀ ná, ẹmu ò ní sá lọ. Èmi Ọdẹ́níran ọmọ Arógunjó ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta lọ́sàn-án gangan, tí ẹ̀kẹrin fúnra rẹ̀ dúró pé òun ò fẹ́ kí n wàhálà. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ẹ lọ bi ẹfọ̀n. Bẹ́ ẹ bá sì bá a pàdé, ẹ bá mi kí i.

Gbogbo yín lẹ mọ ajá mi, èyí tó ń tiro yìí. Ẹ sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa: ọ̀rọ̀ téèyàn ò lè là mọ́ aládùúgbò lójú ni wọ́n fi ń pe ajá. Ìyàwó mi Àwẹ̀ró ló sọ tiwa. Òun àti Ìyá Dúrójayé, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, ni wọ́n jọ ń fa ọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ni Àwẹ̀ró bá sọ ajá ní Ẹ-jẹ́-n-sinmi. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fa ohùn gùn bí ẹni tó ń polówó: “Ẹjẹ́nsinmi o! Ẹjẹ́nsinmi!” Bẹ́ẹ̀, ajá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń wò ó. Ìyá Dúrójayé náà á yọ síta tòun ti orógùn: “Ta ló dí yín lọ́wọ́ ìsinmi? Ṣé èmi ni mo ní kí ibùsùn yín máa ta yín ni?” Wọ́n á bú ara wọn títí oòrùn á fi yọ tán. Tó bá di ọ̀sán, ọ̀kan á ní iyọ̀ òun ti tán, èkejì á bù ú fún un. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún mọ́kànlá.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún náà ni inú rírun mú Àwẹ̀ró. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀, mi ò ní tún un sọ.

Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀ ni pé mi ò sunkún. Mo retí ẹkún náà. Mo jókòó dè é bí mo ṣe ń de ìgalà létí omi, kò yọjú. Oúnjẹ ń wọ ẹnu mi, kò dùn, kò korò. Ìbọn ń dún lọ́wọ́ mi, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Gbogbo abà sì wá ń rọra bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé mo sùn. Ìyá Dúrójayé pàápàá kì í bú ẹnikẹ́ni mọ́. Á gbé oúnjẹ wá, á ní “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, ọdẹ.” Ẹ gbọ́ o, Ìyá Dúrójayé ní ẹ jọ̀ọ́! Orúkọ ajá yẹn ńkọ́? Láti ọjọ́ náà, mi ò pè é mọ́. Súfèé ni mò ń sú fún un.

Súfèé yẹn náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a tọ ipa túùkú dé ìdí Òkè Àfọ̀n, níbi tí Ihò Agbóhùn wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò débẹ̀ rí, ẹnu ihò náà fẹ̀ tó àgbàlá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jìn tó ọ̀pẹ mẹ́ta tí wọ́n bá to lé ara wọn. Ohun tí o bá sọ létí rẹ̀, á gbà á, á tún un sọ fún ọ. Ajá ti síwájú mi díẹ̀. Mo súfèé kó padà. Ihò náà súfèé. Ajá gbọ́ súfèé méjì, ó sì jẹ́ èyí tó sún mọ́ ọn jù. Mo rí ìrù rẹ̀ létí òkúta, lẹ́yìn náà mi ò rí nǹkan kan mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbọ́ ọ tó ń gbó, láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ewé ogún ọdún tó jábọ́ síbẹ̀ ni kò jẹ́ kó kú.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni inú mi ṣe rí. Kò rí bákan kan. Mo kàn sọ fún ara mi pé ajá Àwẹ̀ró wà nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé ọjọ́ ń ṣú. Mo sì mọ̀ pé mò ń lọ gbé e, torí kò sí ohun mìíràn nílé yẹn tí ó mọ ohùn Àwẹ̀ró mọ́ àyàfi èmi àti ajá yẹn.

Mo lọ bá àwọn onígẹdú ní àgọ́ wọn, mo tọrọ okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń di igi mọ́ ọkọ̀, èyí tí fọ́nrán mẹ́ta lọ́ mọ́ra. Mo so ó mọ́ igi àfọ̀n kan, mo sì tún mú un so mọ́ ìdí igi apá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, pé bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì á dì í mú. Ẹ rí i pé mo gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò tẹ́ nǹkan kan sétí òkúta níbi tí okùn ti ń yí sísàlẹ̀, òkúta yẹn sì mú bí àdá tuntun. Ẹ rí i pé ọgbọ́n mi níwọ̀n. Àti láti gun padà ńkọ́? Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé igbà bàbá mi kọ́ èjìká. Ta ni kò mọ igbà náà? Òun ni mo fi ń gun ọ̀pẹ tó ga jù ní abà wa, kẹ́ ẹ tó ka ogún mo ti wà láàárín imọ̀ tí mò ń wo orí yín. Mo ní bí igbà yìí ṣe ń gbé mi gun ọ̀pẹ náà ló máa ṣe gbé mi gun okùn. Láṣùpọ̀, ò ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Mo fa okùn gba abẹ́ itan, mo gbé e kọjá èjìká, mo ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bó mi lára, mo rí i tó bó mi lára, kò dùn mí. Nígbà tí mo dé ìdajì, ògiri fi mí sílẹ̀. Inú ihò náà ṣí lọ bí ikùn ìkòkò, ó wá ku èmi àti okùn nìkan láàárín òfuurufú, à ń yí po. Mo balẹ̀ sórí ewé. Ajá fò mọ́ mi, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan ti yẹ̀. Mo gbé e sínú àpò ọdẹ, orí rẹ̀ yọ síta, mo fi àpò kọ́ ẹ̀yìn. Mo wá mú igbà bàbá mi, mo gbé e yí okùn náà ká, mo fi ẹ̀yìn tì bí mo ṣe máa ń tì.

Ẹ̀yìn mi lu ilẹ̀ gbì.

Mo dìde, mo tún un ṣe. Gbì. Nígbà kẹta ló tó yé mi. Igbà ń wá ọ̀pẹ. Ó ń wá ohun tó nípọn tí ẹsẹ̀ á tẹ̀ mọ́, tí ẹ̀yìn á fi tì. Okùn tó ń rọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ ò ní ara. Ogójì ọdún ni mo ti ń gun nǹkan, mi ò mọ̀ rí pé igi ló ń ràn mí lọ́wọ́.

Mo ní kò burú, apá ń bẹ. Mo fi apá fa ara mi tòun tajá lọ sókè. Mo gòkè tó ìlọ́po ènìyàn mẹ́ta, apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ ń ṣí. Kí n má baà já bọ́, mo wé ìkángun igbà mọ́ okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi ìyókù gba ìdí àti itan, mo sì jókòó sínú rẹ̀. Wíwé náà dì mọ́ okùn gírígírí. Mo rọ̀ síbẹ̀ bí èso. Ó dára. Mo sinmi. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ ń ta mí ṣinṣin, lẹ́yìn náà ó tutù, lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo wo bàtà mi, bí ẹni tó ń wo bàtà oníbàtà. Mo ní ó tún dára bẹ́ẹ̀. Ó wá bá ìyókù ara mi dọ́gba.

“Ọdẹ, ẹ kú ìrọ̀ o.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ohun tí ọmọ Yorùbá ń ṣe láyé tí a kì í kí i kú rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ẹ kú ìrọ̀ rí. Mo gbé ojú sókè. Wọ́n yí mi ká. Àwọn bíi mẹ́sàn-án, olúkúlùkù jókòó sínú okùn tirẹ̀ tí n ò rí òkè rẹ̀. Ewéko ti hù lórí itan wọn. Ojú wọn tutù bí ojú ìgbín, ẹsẹ̀ wọn sì ti tín-ín-rín, ó ti gùn, ó rọ̀ wálẹ̀ bí ìtàkùn. Àgbà wọn súnmọ́ mi, irùngbọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè dípò kó wálẹ̀, ó sì fi wé etí rẹ̀ kó má dí i lójú.

Mo ní, “Ta ni yín?”

Ó ní, “Àwa Arọ̀bíàdán ni. Ẹni tó bá ti jókòó dáadáa bíi tìrẹ ló ń di ara wa. Ṣé nǹkan kan ń dùn ọ́?”

Mo ní, “Rárá.”

“Ẹ ò rí i! Ẹ sún fún un, ẹ sún fún un! Ọmọ ilé ni.”

Ajá gbó nínú àpò. Wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, mo fẹ́ jáde. Ajá yìí gbọ́dọ̀ délé.”

Ó ní, “Ọ̀nà wà. Èmi mọ̀ ọ́n. Dáhùn èyí fún mi ná. Ẹni méjì ń gun òkè. Èkíní ń gbéraga, ó ń fa nǹkan níwájú gbogbo èèyàn, kò tíì pẹ́ tó ti dákú. Èkejì ń gbé gbogbo ẹrù láti kékeré, kò sẹ́ni tó ń yìn ín, kì í sì í rẹ̀ ẹ́ bọ̀rọ̀. Ta ni wọ́n?”

Mo wo apá mi tó ń gbọ̀n. Mo ní, “Apá àti ẹsẹ̀.”

“Èwo lo fi gòkè dé ibí?”

Mo tún wo apá mi. Àwọn tó kù ń rẹ́rìn-ín, okùn wọn ń mì.

Ó ní, “Ó dáa. Gbọ́ èkejì. Ọkùnrin kan jókòó síbi tí kò séwu. Kò sí ẹranko níbẹ̀, kò sí ebi, kò já bọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó kú. Kí ló pa á?”

Mo rò ó, mo rò ó. Mo ní n ò mọ̀.

Ó na ìka gígùn, ó fi gbá orúnkún mi. Mi ò mọ̀ ọ́n lára. “Ìjókòó náà ni,” ló wí. “Okùn fún un nítan, ẹ̀jẹ̀ lọ sísàlẹ̀ kò lè padà wá. Kò dùn ún, ni kò ṣe mira. Ẹ wá bi wá, a óò sọ fún yín.”

Mo ní, “Kọ́ mi lọ́nà náà. Kí lẹ fẹ́ gbà?”

“Nǹkan tó bá máa dùn ọ́.”

Mo ní kó gba ìbọn mi tó wà lókè, ṣakabùlà tí gbogbo ìlú mọ̀. Ó ní, “Ṣé ó dùn ọ́?” Mo ní rárá. Mo ní kó gba igbà bàbá mi tí mo bá ti dókè. Ó ní, “Ìyẹn ńkọ́?” Mo wá a nínú ara mi, mo tú gbogbo yàrá, kò sí níbẹ̀. Mo ní rárá.

Ó ní, “Ohun tí kò dun ẹni tó ni ín, pàǹtí ni. Ṣé ilé pàǹtí la ṣí síbí ni? Fún wa ní ajá.”

Mi ò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi dé ẹnu àpò. Mo ní, “Kò ṣeé ṣe.”

“Ó dùn ọ́?”

“Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe.”

Àgbà náà mi orí, irùngbọ̀n rẹ̀ tú. Ó rọra ní, “Mo gbọ́ súfèé rẹ láàárọ̀. Ṣé ajá yìí ò lórúkọ ni?”

“Ó ní.”

“Pè é. Ohun tí a fẹ́ gbà nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta! Mo la ẹnu, ẹnu pa dé. Mo tún là á. Ajá ti gbé etí dúró, ó ń wo ètè mi. Mo wá sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni ń sọ ọ́ fún bọ́tìnnì ẹ̀wù.

“Ọ̀kẹ́rẹ́ ò gbọ́ èyí,” ni àgbà wí. “Bí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ṣe ń pè é ni kí o pè é.”

Mo bá fa ohùn gùn. “Ẹjẹ́nsinmi o! Ẹjẹ́nsinmi!”

Ihò náà gbà á. Ó gbé e lọ sókè, ó gbé e bọ̀, ó tún un sọ ní ìgbà méje, ní ìgbà mẹ́jọ, ohùn tó ń padà wá ń tínrín sí i, ìkẹyìn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọkùnrin mọ́. Ìrù ajá ń lu ẹ̀yìn mi nínú àpò, pà, pà, pà. Àwọn Arọ̀bíàdán di ojú, wọ́n ń gbé e mì bí ẹni ń mu ọbẹ̀. Èmi? Mo kàn ń mí. Nǹkan kan mira díẹ̀ láyà mi, ó tún jókòó.

Àgbà náà la ojú. “Ìdajì ọ̀nà wà lábẹ́ ìdí rẹ látàárọ̀,” ló wí. “Wo bí o ṣe fi igbà wé mọ́ okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí o bá jókòó, ó ń bù ú jẹ. Bí o bá dìde tí o tú ẹrù kúrò lórí rẹ̀, á yọ̀ lọ sókè tí o bá tì í. Kò ní kó o fà, kó o dìde ni. Ṣùgbọ́n kí lo máa tẹ̀ kí o tó dìde?”

Mo ní, “Mo nílò okùn kejì fún ẹsẹ̀.”

“Olóyè! Okùn tó tínrín ju èyí lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bù ú jẹ.”

Mo fa okùn tí mo fi ń di ẹran nínú àpò. Mo wé e mọ́ okùn ńlá nísàlẹ̀ igbà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fa ẹnu rẹ̀ gba inú ara rẹ̀. Mo ṣe ìdí rẹ̀ ní òrùka, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì sí i, ọwọ́ ni mo fi gbé wọn síbẹ̀ bí ẹni ń gbé igi ìdáná. Ó gùn jù; mo dìde, nǹkan kan ò yí padà. Àgbà ní kí n gé e kúrú, tí mo bá jókòó kí orúnkún mi ká dé àyà. Ó ní kí n má gbé ajá sẹ́yìn mọ́, pé ó ń fà mí ṣubú sẹ́yìn. Kí n so àpò rọ̀ sábẹ́ mi. Ó ní kí n má fò, kí n má já okùn gbà, kí wíwé méjèèjì má sì tú lẹ́ẹ̀kan náà láéláé.

Mo dìde. Ti igbà sókè. Jókòó. Ká orúnkún, ti okùn ẹsẹ̀ sókè. Dìde. Ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé apá mi ò ṣe nǹkan kan, ó kàn ń fọwọ́ tọ́ ọ sọ́nà bí ọ̀gá.

Mo bi í bí mo ṣe ń lọ. “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n báyìí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò gòkè?”

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn bí ìtàkùn. “Kò dùn wá,” ló wí.

Jókòó, ká orúnkún, dìde. Ó kù díẹ̀ kí n dé etí ihò ni mo gbọ́ ohùn kan, kíníkíní, bí eku tó ń jẹ àgbàdo. Mo gbé ojú sókè. Etí òkúta yẹn, ẹ rántí, èyí tí mi ò tẹ́ nǹkan kan sí. Fọ́nrán kan ti já, ó ń jó nínú afẹ́fẹ́. Èkejì ń tú lójú mi. Gbogbo ara mi ní kí n fò gbá òkúta mú. Mo rántí: má fò. Mo dìde bí ẹni tó gbé àwo tó kún fún omi. Mo jókòó bí ẹni tó ń jókòó lórí ẹyin. Fọ́nrán kejì já, tàù! Okùn sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ajá ké lábẹ́ mi. Ó ku ọ̀kan. Mo dìde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo rí gbòǹgbò àfọ̀n, mo dì í mú, mo gbé àyà lé ilẹ̀, mo fa àpò gòkè. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, fọ́nrán kẹta ti dà bí irun ológbò.

Ẹ má ṣe fẹ́ ṣe bíi tèmi o. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ sétí òkúta. Ẹ wé okùn méjèèjì kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti fi ẹ̀ka igi tó wà lẹ́yìnkùlé dánra wò lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ihò ò dára láti kọ́ṣẹ́.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Yéè! Ìjàlọ ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé itan, wọ́n ń jẹ mí, mò ń yí kiri lórí ewé, mò ń pariwo, mò ń rẹ́rìn-ín. Ohun àkọ́kọ́ tó dùn mí láti ìgbà òjò.

Ẹsẹ̀ nìkan ni o. Ìyókù ò tíì wá.

Èmi àti ajá tiro délé, oòrùn ń rẹlẹ̀. Ó rí ìkòkò Ìyá Dúrójayé níta, ló bá yà síbẹ̀, ó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo ká ètè kí n súfèé. Mo sì tún rò ó. Mo fa ohùn gùn láti ẹnu ọ̀nà wa: “Ẹjẹ́nsinmi o! Ẹjẹ́nsinmi!”

Ìyá Dúrójayé já jáde tòun ti orógùn kó tó rò ó: “Ta ló dí yín lọ́wọ́ ìsinmi? Ṣé èmi ni mo ní kí ibùsùn…”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wo ẹnu ọ̀nà wa, ó wo èmi tí mo dá dúró síbẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ọdẹ. Ẹ jọ̀ọ́. Ó kàn jábọ́ ni.”

Mo ní, “Ìyá Dúrójayé, ẹ parí rẹ̀.”

“Ẹ̀n?”

“Ẹ bú wa tán. Ẹ ò tíì parí ti ibùsùn.”

Ó gbé orógùn sókè, ó bẹ̀rẹ̀. Ó bú mi, ó bú ajá, ó bú ìyàwó mi tó kú láìsọ fún òun, tí kò dá iyọ̀ òun padà, tó fi òun sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò tí kò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Ohùn rẹ̀ ń fọ́, kò dúró. Ọbẹ̀ jóná lórí iná, kò dúró. Mo rọra jókòó sílẹ̀ níbi tí Àwẹ̀ró máa ń dúró sí, ajá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ìjàlọ tún dé. Wọn ò bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mo sì jẹ́ kí wọ́n máa jẹ mí.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Láṣùpọ̀, o lè mu ẹmu rẹ báyìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ ti jókòó pẹ́ jù. Ẹ dìde, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ máa lọ sílé.